Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù: ọkùnrin tí kò dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín fún ọdún 19

Ẹni ọdún 47 ni ọkùnrin yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ wa nílé ìtọ́jú eyín tí kò yọjú, ìgbà kẹrin ló tó wá, ìyàwó ẹ̀ ló wa mọ́tò gbé e wá, wọ́n sì jókòó sínú mọ́tò náà níta fún bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó lè wọlé. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn o, ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni ìyàwó sọ fún wa. Ohun tí mo rí ní tèmi ni ọkùnrin gíga kan tí òógùn ti lẹ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn, tó ń kí gbogbo èèyàn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ á lọ bo ẹnu.

Eyín ńlá kan lẹ́yìn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ló ń dà á láàmú. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi sùn. Tí omi tútù bá kàn án, wàhálà ni, tó bá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ ńṣe ni eyín á máa lù ú kì-kì-kì. Ẹ́síréè fi hàn pé ihò ti gbẹ́ wọnú débi tí iṣan eyín wà. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ibi tí ìyẹn ń lọ: iṣan ti wú nínú eyín, kò ní í san fúnra ẹ̀, àfi ká ṣe root canal, ìyẹn ká yọ iṣan inú eyín, ká fọ inú ẹ̀, ká sì dí i, àbí ká yọ eyín náà dànù. Ó ní ká yọ ọ́. Mo ní ká gbìyànjú ká dá a sí. A wá gbà pé ká kọ́kọ́ ṣí eyín náà lọ́jọ́ yẹn kí ìrora lè lọ, ọ̀rọ̀ tó kù á máa bọ̀.

Gbogbo àgbàlagbà tó bá wá sọ́dọ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́ ló ń kọ fọ́ọ̀mù MDAS, èyí tá a fi ń wọn bí ẹ̀rù ìtọ́jú eyín ṣe pọ̀ tó lára èèyàn. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Corah ló kọ́kọ́ gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀ ní 1969, Humphris àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá fi ìkarùn-ún kún un ní 1995, ìyẹn ìbéèrè abẹ́rẹ́. Báwo ló ṣe máa rí lára yín tó bá jẹ́ pé ọ̀la lẹ ń lọ tọ́jú eyín, tẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ ń dúró kí wọ́n pè yín, tí wọ́n bá fẹ́ fi dírílì gbẹ́ eyín yín, tí wọ́n bá fẹ́ ha á kí wọ́n sì fọ̀ ọ́, tí wọ́n bá fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ nínú erìgì. Èèyàn á mú nọ́ńbà láti 1 dé 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àròpọ̀ bá ti wọ 19, ẹ̀rù ńlá nìyẹn. Tiẹ̀ jẹ́ 22. Mo rí 22, mo mi orí, mo gbé fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ rántí ibi tí mo gbé e sí yìí o.

Torí pé mo ti rí 22, mo ti parí ọ̀rọ̀ lọ́kàn mi pé abẹ́rẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń rò bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ń sá fún wa, abẹ́rẹ́ ló ń sá fún. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ní pátá ni mo wá dà sórí abẹ́rẹ́ yẹn: mo fi gẹ́ẹ̀lì benzocaine tó ń pa ara kú pa erìgì ẹ̀, mo dúró ìṣẹ́jú méjì gbáko, mo ti jẹ́ kí oògùn lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbé abẹ́rẹ́ gba ìsàlẹ̀ kí ojú ẹ̀ má kàn án, mo ń ti oògùn wọlé díẹ̀díẹ̀, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ọkùnrin yìí ò mira. Kò tiẹ̀ pajú dé. Inú mi dùn, mo wo ìyá nọ́ọ̀sì wa lójú bí ẹni pé ṣé ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi báyìí?

Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti kú fin-ín fin-ín. Mo gbé dírílì. Kò tíì jìnnà wọnú eyín tó fi ta gìrì lórí àga, ó ní, "Ó ń dùn mí!" Èmi náà, pẹ̀lú ohùn tútù tí wọ́n fi kọ́ wa, mo ní, "Rárá sà, kò lè máa dùn yín, ètè yín ti kú. Gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n ni ẹ̀ ń gbọ́ yẹn."

Ó wò mí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ojú tó fi wò mí, kò jọ ti ẹni tó ń bínú. Ó tú aṣọ tá a so mọ́ ọn lọ́rùn, ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé apá àga, ó ní "Ẹ ṣeun, dókítà", ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ibí yìí ló dùn mí jù. Ètè kíkú kì í ṣe eyín kíkú. Abẹ́rẹ́ tá a máa ń fún ní ẹ̀yìn àgbọ̀n láti pa gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan kú, ó lè pa ètè pátápátá kí iṣan inú eyín tó ti wú ṣì máa jí kalẹ̀, pàápàá jù lọ eyín ńlá ìsàlẹ̀. Ibi tó ti wú máa ń kan bí ọsàn kíkan, ásíìdì máa ń pọ̀ níbẹ̀, oògùn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà ṣiṣẹ́ níbi tó bá kan bẹ́ẹ̀, iṣan tó ti wú fúnra ẹ̀ tún ti ń gbọ́ ìrora ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe àṣírí, ó wà nínú ìwé tí gbogbo wa kà, wọ́n tiẹ̀ bi mí níbèèrè ẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì gbà á. Orí mi mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n. Eyín ọkùnrin yẹn ń dùn ún lóòótọ́, èmi ni mo ń sọ fún un pé kò dùn ún.

Ọjọ́ kọkànlá ló padà wá. Ìrora ló lé e padà, kì í ṣe èmi. Mo ti múra sílẹ̀ fún un lọ́tẹ̀ yìí: gáàsì, nitrous oxide tá a lú pọ̀ mọ́ oxygen. Èèyàn á máa fi imú fà á, a ó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé kó tó kọjá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ara wọn á ti balẹ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn gáàsì yẹn, mi ò ní parọ́. Ní 20 ó ní ẹsẹ̀ òun ń fúyẹ́. Ní 30 ó já ìbòmú kúrò nímú, ó dìde jókòó, àyà ẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ní, "Ẹ má ṣe gbé mi lọ ibì kankan. Mi ò fẹ́ kí n má sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é."

Mo jáde lọ fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ìyá nọ́ọ̀sì wa, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó wọ yunifásítì, tẹ̀ lé mi, wọ́n mú fọ́ọ̀mù yẹn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Dókítà, abẹ́rẹ́ kọ́ o. Ẹ wò ó." Mo wò ó. Ọ̀la: 5. Jíjókòó dúró: 5. Dírílì: 5. Híha eyín: 5. Abẹ́rẹ́: 2.

2! Ohun tó kéré jù lórí gbogbo fọ́ọ̀mù yẹn ni mo fi gbogbo agbára mi lé kiri. Ìdí nìyẹn tí kò fi mira lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọgbọ́n ọwọ́ mi kọ́, kò bẹ̀rù ẹ̀ látilẹ̀ ni.

A padà wọlé. Mo gbé àga ẹ̀ dìde tó fi jókòó ṣánṣán, mo yọ ìbòmú mi, mo fa sítúùlù tó kúrú tí mo fi wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ tíì mọ ohun tí mo fẹ́ bi í tí ìyá nọ́ọ̀sì fi bá mi bi í. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ta ló ṣe yín báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà náà, kò jókòó lórí àga eyín rí láyé ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, wọ́n fẹ́ yọ eyín ìsàlẹ̀ kan. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ò dùn ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eyín, ó ní ó ń dùn òun. Wọ́n ní títẹ̀ ni, kì í ṣe ìrora. Ó tún sọ ọ́. Wọ́n ní ṣebí ọkùnrin ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ń ran dókítà lọ́wọ́ bá fi ọwọ́ méjèèjì di orí ẹ̀ mú mọ́ àga títí wọ́n fi ṣe é tán. Ó ní nǹkan tí òun rántí jù ni pé àjà ilé náà ní ìlà, òun ń ka ìlà yẹn, òun sì ń rò ó pé bóyá lóòótọ́ ni kò dun òun, bóyá òun ni orí òun ò pé. Ó wá wojú mi, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí, òun náà gan-an ni."

Mi ò rí nǹkan sọ ju "ẹ má bínú" lọ.

Olùwádìí kan, Milgrom, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Seattle ní Amẹ́ríkà ti pín àwọn tó ń bẹ̀rù wa sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn tó ń bẹ̀rù nǹkan kan pàtó bí abẹ́rẹ́ tàbí ariwo dírílì, àwọn tí kò fọkàn tán àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn tí ojora ti ń bá jà tẹ́lẹ̀ lórí gbogbo nǹkan, àtàwọn tó ń bẹ̀rù pé nǹkan burúkú máa ṣẹlẹ̀ sí ara wọn lórí àga, pé ọkàn máa dúró tàbí pé àwọn ò ní lè mí. Mo ti kó ọkùnrin yìí sínú àkọ́kọ́ láì bi í, inú ìkejì ló wà. Ẹnì kan sì lè wà nínú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa rí i láìpẹ́ pé ìkẹrin náà kàn án díẹ̀.

Nígbà tá a jọ ń tú u, àwọn nǹkan míì ń jáde. Ìyá ẹ̀ kì í lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ìtàn bí wọ́n ṣe fa eyín ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ kan ló fi dàgbà, nítorí náà ẹ̀rù ti wà nílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ọkàn ẹ̀ kó tó pé ọdún 28. Ẹni tó bá ti lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lẹ́ẹ̀mẹwàá láì sí wàhálà, tí ìkọkànlá wá burú, àwọn mẹ́wàá yẹn máa ń gbà á sílẹ̀ díẹ̀, kò kàn ní í pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Tiẹ̀ ò ní ẹyọ kan tó máa gbà á sílẹ̀. Ìtìjú náà tún wà níbẹ̀. Bó ṣe ń sá ni eyín ń bàjẹ́, bí eyín ṣe ń bàjẹ́ ni ojú ń tì í, bí ojú ṣe ń tì í náà ló tún ń sá, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Berggren ti kọ nípa àyíká yìí ní ọdún 1984, mo ti lò ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin yìí wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí mo wo ẹ́síréè ẹ̀, mo ní "Hùn-ùn." Mi ò rántí. Òun rántí, ó tiẹ̀ bá mi sín in jẹ bó ṣe dún. Ó ní òun ti fẹ́ máa lọlé láti ìgbà yẹn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ nípa ọkùnrin àti obìnrin. Ìwádìí lórí àgbàlagbà sábà máa ń fi hàn pé obìnrin ń sọ ẹ̀rù tó pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, àti pé ó ń dín kù bí ọjọ́ orí bá ń gòkè. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ "ṣebí ọkùnrin ni ẹ́" yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin lẹ́nu mọ́, wọn kì í sọ pé àwọn ń bẹ̀rù, wọ́n kàn ń pe fóònù pé iṣẹ́ ò jẹ́ káwọn wá ni.

A ṣe àdéhùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní sọ pé ètè ti kú mọ́, eyín gan-an la máa dán wò kí dírílì tó kàn án. Àga ò ní sùn tán. Tí ọwọ́ òsì ẹ̀ bá ti gbé sókè, mo máa dúró, mi ò ní béèrè ìdí. A dán ìyẹn wò lẹ́ẹ̀mẹta láì sí nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀, dírílì ń ké lófìfo, ó gbọ́wọ́, mo dúró, ó sọ ọ́ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹ̀ dà bíi tọmọdé tó rí swíìṣì iná fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo fún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn àgbọ̀n, mo fi articaine, oògùn míì tó ń pa ara kú, kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín. Mo fọ́n oògùn tó tutù bíi yìnyín sí owú kékeré, mo fi kan eyín náà. Ó ní ó ṣì ń gbọ́ ọ díẹ̀. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò tíì kú nìyẹn, òótọ́ lẹ sọ." Ó yí ojú sí mi kíá. Mo rò pé ibí yìí ni nǹkan ti yí padà, kí n tó ṣe iṣẹ́ kankan rárá.

Mo wá fún un ní ìkẹta, sáàárín eyín àti egungun tó gbé e dúró, mo sì tún ṣe àṣìṣe níbẹ̀, torí oògùn yẹn ní adrenaline nínú, èròjà tó ń mú ọkàn sáré, tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé kì í pẹ́ dé inú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù gìdìgìdì. Ọwọ́ òsì gbé sókè fíò. Ó ní "Ọkàn mi, dókítà, ọkàn mi." Mi ò sọ fún un tẹ́lẹ̀! Ẹni tó ń bẹ̀rù, kò lè mọ̀ yàtọ̀ sáàárín oògùn tó ń mú ọkàn sáré àti ẹ̀rù tó ń mú ọkàn sáré, ara kan náà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún un, mo ní oògùn ni, kò ní í pẹ́ tó máa fi lọ, kó jẹ́ ká jọ máa wo aago. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo aago ara ògiri bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi ní ó ti ń lọ. Mo tún fi owú tútù kan eyín náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣí eyín náà, mo yọ iṣan tó ti wú, mo fi oògùn sí i, mo dí i ní dídí fìrì. Ọwọ́ ẹ̀ gòkè lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ kò sí ohun tó ń ṣe é, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo máa dúró ni. Mo dúró.

Ǹ bá fẹ́ parí ìtàn síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní lè wò yín lójú. Ní ìjókòó kẹta, mo ń fọ inú rúùtù tó kẹ́yìn, ó ku bíi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá kí n bọ́ níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ gòkè. Mo rí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí, mo sì parí ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ yẹn dúró lókè fún ìgbà díẹ̀, ó wá rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí itan ẹ̀, ó sì dì í. Kò tún gbé e sókè mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Ìyàwó pè pé iṣẹ́ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́. Mo pe ọkùnrin náà fúnra mi nírọ̀lẹ́, mo ní, "Sà, ẹ gbọ́wọ́ sókè, mo rí i, mi ò dúró. Mi ò ṣe dáadáa." Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Èmi ti ń rò ó pé bóyá ẹ ò rí i ni." Ọjọ́ kejì ló wá.

A parí root canal yẹn, a fi ìbòrí tí wọ́n ń pè ní adé dé eyín náà, ó sì ń wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà látìgbà náà. Lẹ́yìn ọdún kan ó tún fọ́ọ̀mù kọ: 2, 2, 4, 3, 2. Àròpọ̀ 13. Dírílì ṣì wà ní 4, mi ò rò pé ó máa kúrò níbẹ̀. Èyí tí kò yẹ̀ kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti yí àwọn nǹkan kan padà lọ́dọ̀ wa nítorí ẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo ń kà lórí fọ́ọ̀mù báyìí, àròpọ̀ ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá mú 5 síbi abẹ́rẹ́ nìkan, tó tún sọ pé òun ti dákú rí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ má ní kó dẹ ara o, kó máa fún iṣan apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ̀ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ má bàa já wálẹ̀ ni, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Öst ti ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn tipẹ́, ìtọ́jú ẹni yẹn yàtọ̀ sí ti ọkùnrin yìí pátápátá. Gáàsì ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀ lórí àga rí, mo ń bi í bóyá ó fẹ́ kí ara fúyẹ́ àbí ó fẹ́ kí ojú òun là kalẹ̀. Kí n tó lo oògùn tó ní adrenaline, mo ń sọ pé ọkàn lè sáré díẹ̀, mo sì ń sọ iye ìṣẹ́jú. A tún kọ ìbéèrè kan sísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù wa, ìyá nọ́ọ̀sì ló sọ bí a ṣe máa kọ ọ́: "Ṣé ẹ ti sọ rí pé ó ń dùn yín, tí wọ́n ní kò dùn yín?" Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń mú "bẹ́ẹ̀ ni" níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, títí kan àwọn tí àròpọ̀ wọn ò tó 10.

Eyín òkè kan ṣì wà lápá òsì ọkùnrin yìí tó yẹ ká dí. Kò tíì jìn, kò tíì dùn ún. Mo fi hàn án nínú ẹ́síréè, mi ò ní "Hùn-ùn." Ó ní òun ò tíì ṣetán. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì bó ṣe sọ ọ́, a jọ mú ọjọ́ tá a máa tún ẹ̀ wò, ó fi bírò tiẹ̀ kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀.